Kòkó, báńkì àti owó yíyá: Ohun tí àwọn tó ra ìpín ìdókòwò fojú rí lọ́dún 2008

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wá sọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti àwọn àgbẹ̀ tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, láti oṣù Kẹta ọdún 2024 tí ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, ti pàṣẹ pé kí àwọn báńkì lọ wá owó kún owó ìdókòwò wọn. Bílíọ̀nù 500 náírà ni wọ́n ní kí báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní, bílíọ̀nù 200 sì ni ti àwọn tó ń ṣòwò káàkiri Nàìjíríà nìkan. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 2026 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Nítorí pé CBN kò gbà kí wọ́n ka èrè tí wọ́n ti tọ́jú láti ẹ̀yìn wá mọ́ owó náà, ọ̀dọ̀ aráàlú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti gbà lọ. Bí ìpolówó ìpín ìdókòwò báńkì, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ṣíà, ṣe tún gbòde kan nìyẹn, tó sì jẹ́ pé orí fóònù ni ẹlòmíràn ti ra tirẹ̀ láìdé Èkó.

Ohun tuntun lèyí lójú àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń gba owó oṣù nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ mọ̀ pé wọ́n ti lu ìlù yìí rí. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà kéde pé báńkì tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà, dípò bílíọ̀nù méjì tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù 18 péré ló fún wọn. Àwọn tó lówó ra àwọn tí kò lówó, àwọn kan para pọ̀, àwọn mìíràn kógbá sílé. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25.

Inú aráàlú dùn sí i, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Ìrántí ọjọ́ 16, oṣù Kínní, ọdún 1998 ṣì wà lọ́kàn wọn, nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà náà, 50,000 náírà ni òpin ohun tí àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó ìfowópamọ́, lè san fún ẹnì kan lákọ̀ọ́kọ́, bí olúwarẹ̀ tilẹ̀ ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ lọ́dún 2005 pé gbogbo báńkì tó kù ti di gìrìpá, ọkàn wọn balẹ̀. Ó tilẹ̀ balẹ̀ jù.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà nínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n sì kà kọjá. Owó tí àwọn báńkì kó láti ọjà lé ní bílíọ̀nù 400 náírà. CBN yẹ owó náà wò, ó ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 360 lòun fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ sílẹ̀ ti dúró béèrè pé irú owó wo ni ìyókù, tí kò fi kúnjú òṣùwọ̀n.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ní bílíọ̀nù 25 tán, wọn kò sinmi. Láàárín ọdún 2006 sí 2008, àwọn báńkì tún padà wá sọ́dọ̀ aráàlú, àwọn kan nínú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tíṣà fi owó ìfẹ̀yìntì rà á, ìyá ọlọ́jà fi owó àjọ rà á, àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti rà á. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tiwọn, wọ́n ń ṣèlérí pé àwọn yóò gbé e wọ ọjà Èkó láìpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbé e débẹ̀ títí di òní. Ẹni tó rà lọ́dún tó kọjá ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé owó òun ti di ìlọ́po méjì. Kì í sì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà náà dé 66,371, iye owó gbogbo ìpín ìdókòwò tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 12.6 náírà. Láàárín ọdún 2004 sí àkókò yìí, iye owó gbogbo ọjà náà ti di ìlọ́po tó lé ní márùn-ún. Ti àwọn báńkì nìkan di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Owó ta ni wọ́n fi ń rà á?

Báńkì kì í ṣe iṣu tó lè ta lọ́nà mẹ́sàn-án láàárín ọdún mẹ́rin. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wọn gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé iye náà dé ibi tó dé. Owó tó ń wá ìpín ìdókòwò rà ló pọ̀ lápọ̀jù, púpọ̀ nínú owó náà ló sì jẹ́ owó yíyá.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó ní 100,000 náírà á lọ bá bùrókà àti báńkì, wọ́n á yá a ní 200,000 kún un, á sì fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín ìdókòwò. Ìpín ìdókòwò yẹn náà ló fi dógò. Bí iye rẹ̀ bá gòkè, á san owó báńkì pẹ̀lú èlé, èyí tó sì máa kù sí i lọ́wọ́ á pọ̀ gan-an ju ohun tí 100,000 tirẹ̀ nìkan ì bá mú wá. Ṣùgbọ́n bí 300,000 náà bá di 200,000, owó tirẹ̀ ti wọlẹ̀ pátápátá. Ti báńkì ló kù yẹn, èlé sì tún wà lọ́rùn rẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀ rárá, báńkì á ti tà á.

Àwọn àgbẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ ìdógò. Ẹni tó fi oko kòkó dógò mọ̀ pé igi kò ní í kú nítorí pé owó kòkó já, bó bá di ọdún tó ń bọ̀, yóò tún so. Ìpín ìdókòwò tí a fi owó yíyá rà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí iye rẹ̀ bá já ni ẹni tó yáni lówó máa gbé e lọ sọ́jà. Títà yìí á tún mú iye rẹ̀ já sí i, jíjá yẹn á sì kan ẹlòmíràn tó fi irú rẹ̀ dógò níbòmíràn, tí wọ́n á fi tún ta tiẹ̀ náà.

Èyí tó burú jù kò hàn sí gbangba títí di ọdún 2010. Nínú oṣù Kejì ọdún náà, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò gómìnà CBN lẹ́yìn Soludo, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Bayero tó wà ní Kano. Ó ní báńkì kan wà tó jẹ́ pé owó tí àwọn oníbàárà fi pamọ́ síbẹ̀ ló fi ra ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ìdókòwò tí báńkì náà fúnra rẹ̀ gbé jáde fún aráàlú. Náírà 25 ló san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n ń tà á ní náírà 11 lọ́jà Èkó. Nígbà tó yá, iye rẹ̀ kò tó náírà mẹ́ta mọ́.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Tíṣà-fẹ̀yìntì tó ń wo bí wọ́n ṣe ń du ìpín ìdókòwò náà rò pé ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ló ti rí nǹkan gidi níbẹ̀. Kò mọ̀ pé báńkì náà ló ń du ti ara rẹ̀. Bó bá sì ṣe pé ibẹ̀ ni òun náà ń fi owó pamọ́ sí, owó rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń du ú.

Kòkó náà ṣe é rí

Àwọn tó dàgbà sí ìgbèríko Oǹdó, Ìdànrè, Iléṣà tàbí Ìbàdàn lè rántí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú wọn, láìsí bùrókà kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida tú àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra ohun ọ̀gbìn ká lábẹ́ ètò SAP. Ti kòkó wà lára wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ lè ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kó sì tà á sí òkè òkun. Ẹni tó bá tà á á rí owó òkèèrè gbà, náírà sì rèé, ńṣe ló ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí àwọn oníṣòwò tí kò mọ ewé kòkó yàtọ̀ sí ewé obì ṣe ya wọ inú oko nìyẹn. Kòkó kọ́ ni wọ́n ń wá, dọ́là ni. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ ju ohun tí kòkó náà lè pa lókè òkun lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ọ̀nà tí owó wọn máa gbà jáde kúrò nínú náírà. Wọ́n ra èyí tó gbẹ, wọ́n ra èyí tí kò gbẹ. Orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé lásìkò kan náà tí owó kòkó ń gòkè lóko, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Nǹkan bíi 2,000 dọ́là ni tọ́ọ̀nù kan lọ́dún 1986. Nígbà tí ọdún 1989 fi máa parí, kò tó 1,500 mọ́. Àgbẹ̀ tó bá mọ ìyẹn ì bá ti mọ̀ pé owó tó ń wọlé fún òun kì í ṣe ti àwọn tó ń jẹ ṣokoléètì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í sọ. Ilé ń jáde, mọ́tò ń jáde, àwọn kan sì ti gba owó sílẹ̀ lórí èso tí kò tíì pọ́n. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1989, eré ti parí, àwọn oníṣòwò náà ti bá tiwọn lọ, gbèsè sì kù sọ́dọ̀ ẹni tó fi ọjọ́ iwájú yá owó.

Ti àìpẹ́ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí owó kòkó kọjá 12,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀dá kòkó gan-an ló fà á, torí pé kòkó kò ṣe dáadáa ní Ghana àti Ivory Coast. Síbẹ̀ náà, kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ kọjá ìdajì.

Ọjọ́ tí ọjà tú

Ní ti ọjà Èkó, ohun tó tì í ṣubú kò ti inú Nàìjíríà wá pátápátá. Ọ̀rọ̀ owó ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí àwọn òyìnbó tó ní owó níbí fi ń kó o padà sílé. Epo rọ̀bì tó ń lọ ní 147 dọ́là nínú oṣù Keje ọdún 2008 kò tó 40 dọ́là mọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ilé tí wọ́n fi owó yíyá kọ́ ni ìjì náà sì bá lórí ìdúró.

Ìgbà tí gbogbo èèyàn ń sáré tà ni wọ́n wá mọ̀ pé rírà rọrùn ju títà lọ. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2008, àwọn aláṣẹ ọjà náà pàṣẹ pé iye ìpín ìdókòwò kankan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gòkè dé ìdá márùn-ún. Wọ́n rò pé èyí máa dá a dúró. Àwọn tó fẹ́ rà ló dá dúró, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ra lónìí ohun tó mọ̀ pé yóò tún dínkù lọ́la. Ẹni tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ mú ìwé ìpín ìdókòwò lọ́wọ́, kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pa òfin náà tì láìpẹ́, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Òṣùwọ̀n tó wà ní 66,371 nínú oṣù Kẹta parí ọdún náà sí 31,450. Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, 20,827 ló kù.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, CBN sì kó bílíọ̀nù 400 náírà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má bàa dojú dé. Nínú oṣù Kẹwàá, ó tún yọ ti báńkì mẹ́ta. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, ó sì yí orúkọ wọn padà sí Mainstreet, Keystone àti Enterprise. Ẹni tó fi owó pamọ́ sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tó ní ìpín ìdókòwò nínú wọn pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kò yé ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó títí di bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, nítorí pé káńtà kan náà ni wọ́n ti san owó méjèèjì, òṣìṣẹ́ báńkì kan náà ló sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó fi owó pamọ́, báńkì ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tó ra ìpín ìdókòwò, òun náà ló ni báńkì, bí gbèsè bá pa báńkì, òun ló pa. NDIC fi kún ohun tó lè san fún oníbàárà báńkì ńlá tó bá kógbá sílé láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù márùn-ún nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, NDIC sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó àwọn oníbàárà. Kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ní ìpín ìdókòwò.

Ọdún 15

Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n ọjà Èkó tó padà kọjá ibi tó wà lọ́dún 2008. Nínú oṣù Kínní ọdún 2024, ó kọjá 100,000, ìwé ìròyìn sì gbé e bí ìròyìn ayọ̀. Ó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ lóòótọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà nínú oṣù Kẹta ọdún 2008, tó fi ọdún 15 retí kí iye náírà rẹ̀ tó pé padà, náírà mìíràn ló gbà. Lọ́dún 2008, náírà 117 tàbí 118 ló ń ra dọ́là kan. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, ó ti lé ní 700 dáadáa. Lóòótọ́, àwọn ilé iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin ń pín èrè fún wọn lọ́dọọdún láàárín ìgbà yẹn, ìyẹn sì tu ọ̀pọ̀ nínú lára.

Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà ló lè dúró gba èrè yẹn. Ẹni tó yá owó, wọ́n ti ta tirẹ̀ láti ọdún 2008 tàbí 2009, nígbà tí iye rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn kan sì ń san gbèsè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ọjà kan náà ni wọ́n ná, ìpín ìdókòwò kan náà ni wọ́n rà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ra ìpín ìdókòwò àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó nígbà tí òfin ọdún 1972 àti 1977 sọ pé kí wọ́n tà á fún ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n fi owó oṣù rà á díẹ̀díẹ̀, tí wọn kò sì tà á, àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ nínú rẹ̀ títí di ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ ńlá kì í ṣubú o. Nigerian Breweries, tó wà lára àwọn tí gbogbo èèyàn gbọ́kàn lé, pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù 100 náírà lọ́dún 2023 nítorí bí náírà ṣe já.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ti báńkì tàbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn lè béèrè ìwé àlàyé tí òfin ní kí wọ́n gbé jáde kí wọ́n tó gba owó. Ó máa ń nípọn, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ọmọ tó ti jáde ìwé mẹ́wàá lè ka ibẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Ní ti ìwé ìpín ìdókòwò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti di bébà lásán. Ti báńkì mẹ́ta tí ìjọba gbà ti wọlé. Ṣùgbọ́n Access Bank ló ra Intercontinental lọ́dún 2011, Ecobank ló ra Oceanic, FCMB ló ra Finbank, wọ́n sì fi ìpín ìdókòwò tiwọn rọ́pò fún àwọn tó ní tàtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín fún báńkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti lè bá wọn wá orúkọ náà. Èrè tí ẹnikẹ́ni kò gbà lórí irú ìpín ìdókòwò bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró síbẹ̀ títí láé: láti ìgbà tí òfin ìnáwó ọdún 2020 ti jáde, èyí tó bá ti lo ọdún mẹ́fà láìsí ẹni tó gbà á ni wọ́n ń kó sínú àpò kan lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ni ín ló sì máa lọ fi ẹ̀rí hàn kó tó gbà á padà. Fọ́ọ̀mù kan wà ní báńkì tí onípìn-ín lè fọwọ́ sí kí èrè máa wọ inú àkáǹtì rẹ̀ tààrà. Nọ́ńbà BVN wà lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbẹ̀.